Ọjọ́ Tí Mo Fọ Ẹyẹ Mísì

Òjò rọ̀ díẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà. Kì í ṣe òjò gidi, ó kàn fi omi wọ́n ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, kùrukùru bo ẹ̀yìnkùlé wa ní Odigbo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìdí ọ̀pẹ nìkan la ń rí, a ò rí orí rẹ̀. Àwọn ẹ̀gà tó ń gbé orí ọ̀pẹ náà kò bìkítà bóyá a rí wọn tàbí a ò rí wọn. Ariwo wọn ń ti inú kùrukùru bọ̀ bí ariwo ọjà tí èèyàn kò tíì dé. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Ewé kòkó ń kán omi sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ilẹ̀ ń rùn, òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, èyí tí àwọn aboyún máa ń fẹ́ràn. Èmi àti Mísì lúgọ sẹ́yìn igi ọsàn. Mo di agboòrùn mú, orí kámẹ́rà ni mo sì nà án sí, kì í ṣe orí Mísì, torí ó ti sọ fún mi pé òun lè tutù, kámẹ́rà ni kò gbọdọ̀ tutù.

Tíṣà ni Mísì. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwé wa láti Ẹ̀kìtì, ó sì gba yàrá lọ́wọ́ bàbá mi, èyí tó kángun sí ibi tí a ń kó kòkó gbígbẹ sí, tó fi jẹ́ pé gbogbo aṣọ rẹ̀ ń rùn bíi kòkó títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tó dé, Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, bi í níbi tó ti wá. Ó ní Ẹ̀kìtì ni, mà. Yèyé ní, "Àwọn tó ń fi ìwé jẹ iyán." Mísì ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Yèyé wá gbé púpurú síwájú rẹ̀, gbágùúdá wa tí a máa ń yan gbẹ lókè iná kí a tó gún un, kí a tó rò ó bí ẹ̀bà, òun àti ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ. Mísì jẹ ẹ́, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún jẹ ẹ́, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní kí wọ́n fi kún un fún òun. Yèyé sọ ọ́ káàkiri àdúgbò bí ẹni pé òun ló bí i. Ilé wa kì í ṣe ilé èrò púpọ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjèèjì ti lọ sílé ọkọ, ó wá ku bàbá mi, ìyá mi, Yèyé, èmi, àti Mísì. Tí wọ́n bá ní kí ẹnì kan lọ pọn omi, kò sí ìdí láti wo ọ̀tún wo òsì.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu nípa Mísì ni kámẹ́rà rẹ̀. Àpótí dúdú kan ni, ó ń gbé e kọ́ ọrùn. A mọ kámẹ́rà, a kì í ṣe ará oko pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ pé fọ́tò wà fún ni ìyàwó tuntun àti òkú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ya bàbá tó bí bàbá mi ní fọ́tò, ọjọ́ tó kú ni. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga, wọ́n dé e ní fìlà, ó sì jọ ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé fún tí kò gbà. Fọ́tò yẹn nìkan ló wà lára ògiri wa. Mísì wá dé, ó ní ẹyẹ lòun ń yà. Bàbá mi bi í pé, "Ẹyẹ ta ni?" Ó ní ẹyẹ inú igbó. Bàbá mi ní, "Wọ́n rán yín?" Ó ní rárá, òun kàn fẹ́ràn wọn ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn bàbá mi sọ fún ìyá mi pé tíṣà náà jẹ́ ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n kí a máa fi ojú tó o.

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà wá han wá nígbà kan. Igi ńlá kan ló wà níbẹ̀, ojú ọ̀run wà níbẹ̀, àmì dúdú tóótó kan sì wà lórí ẹ̀ka. Mísì fi ọwọ́ kàn án, ó ní agbe nìyẹn. Gbogbo wa gbé ojú sún mọ́ ọn. Yèyé fi ìka nù ún bóyá yóò kúrò. Kò kúrò. Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́." Mo rò pé kámẹ́rà rẹ̀ kò lè rí ohun tó jìnnà dáadáa, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọra rákò lọ bá ẹyẹ bí ẹni tó jẹ̀bi nǹkan. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí ewé tuntun rú, tí gbogbo ẹyẹ ń kọ́lé, kò lọ sílùú rẹ̀ fún ọlidé Àjíǹde. Ó ní ẹyẹ kì í gba ọlidé. Èmi ló ń mú lọ. Mo mọ ibi tí àgbìgbò ti ń sùn, mo mọ igi tí àwọn òrofó ń jẹ èso rẹ̀. Ó máa ń bi mí lórúkọ wọn, á kọ ọ́ sínú ìwé. Tí n kò bá mọ orúkọ kan, a óò lọ bá Yèyé, Yèyé á ní kí ó ké igbe ẹyẹ náà fún òun. Mísì, odidi tíṣà, á dúró láàárín àgbàlá, á ké. Yèyé á fetí sílẹ̀, á ní, "Tún un ké." Ó di ìgbà tí mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé Yèyé ti máa ń mọ̀ ọ́n láti igbe àkọ́kọ́.

Yèyé náà ló kọ́ ọ pé ẹlúlùú ló ń pe òjò, pé òjò tó bá pè, orí òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mísì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ilé ẹ̀gà tó wà lórí ọ̀pẹ wa, Yèyé dá a dúró. "Ọmọ Ẹ̀kìtì, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Mísì ní ẹyẹ mà ni, mà. Yèyé ní, "Òrofó náà ẹyẹ ni. Ó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún. O mọ ohun tó tẹ̀lé e." Mísì kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó pa ìwé rẹ̀ dé. Mò ń gbé Ore báyìí, kò jìnnà sí títì ńlá, ọ̀pẹ kan sì wà lẹ́yìn gáréèjì tó kún fún ẹ̀gà, ariwo wọn ju ti àwọn tó ń pe èrò Benin lọ. Ọmọ ọmọ mi ra fóònù fún mi, mo máa ń fi í ya wọ́n. Kò sí fíìmù, kò sí ìdúró. Ewé ló pọ̀ jù nínú fọ́tò tèmi. Ṣùgbọ́n títí di òní, tí wọ́n bá bi mí pé ilé ẹ̀gà mélòó ló wà lórí ọ̀pẹ yẹn, n ó sọ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Wàhálà ọdún yẹn, àgbàdo ló dá a sílẹ̀. Oko etílé kan wà lẹ́yìn ilé wa, kò tóbi, bàbá mi sì gbin àgbàdo síbẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, nǹkan ti hú ebè méjì. Ó tún un gbìn. Nǹkan tún hú u. Bàbá mi dúró sí ẹ̀bá oko, ó gbé ojú sókè wo ọ̀pẹ, ó ní, "Àwọn olè wà lókè yẹn, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Ẹ̀gà ló ń bá wí. Ẹni tó bá ń pariwo jù láàárín ọjà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ẹyẹ. Ó fún mi ní agolo wàrà òfìfo kan àti igi, ó ní kí n máa lé wọn. Láti ìgbà tí mo bá ti jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán títí oòrùn fi ń wọ̀, mo wà nínú oko, mò ń lu agolo. Ẹ̀gà á wò mí láti òkè. Nígbà tó yá ìlù náà tilẹ̀ mọ́ wọn lára. Àgbàdo sì ń dínkù.

Ọlidé ń parí lọ. Nígbà náà ni bàbá mi sọ ọ́ níbi tí a ti ń jẹun, láì gbé ohùn sókè, pé tí ìwé bá wọlé, èmi kò ní lọ. N ó máa ṣọ́ oko. Ìyá mi ní, "Títí dìgbà wo?" Ó ní títí àgbàdo á fi gbó. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Tí àgbàdo bá gbó, ìrẹsì á ti wà nílẹ̀ tí ẹyẹ ń jẹ. Tí wọ́n bá kórè ìrẹsì, kòkó dé. Ọmọ tó bá ti jókòó sílé fún sáà kan ládùúgbò wa, ẹ óò rí i lọ́dún tó ń bọ̀, igbá ló máa wà lórí rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo wà. Mo fẹ́ràn ìṣirò, mo sì fẹ́ràn kí n jókòó síbì kan tí kò sí oòrùn. Mo wo oúnjẹ mi, n kò sọ̀rọ̀, torí kò sí ẹni tó bi mí.

Mísì ló sọ̀rọ̀. "Bàbá Wùmí, ẹ̀gà kọ́ ló ń hú àgbàdo yín."

"Ta wá ni, Tíṣà?"

"Ẹ̀gà kì í walẹ̀. Ohun tó hú u, ẹsẹ̀ ló fi hú u. Mo ti wo ojú ilẹ̀ náà."

"Ẹ bá mi mú un wá, n ó fi ọpẹ́ se é jẹ."

"N ó yà á fún yín."

"Fọ́tò?"

"Fọ́tò kì í parọ́, sà."

Bàbá mi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún. "Kì í parọ́ lóòótọ́. Èyí tẹ́ ẹ fi hàn wá lọ́jọ́sí, ẹyẹ ló sọ pé òun jẹ́, a sì gbà bẹ́ẹ̀." Ìyá mi wo ilẹ̀ kí ó má baà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn òdodo ni bàbá mi. Ó ní kò burú. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìwọlé, lẹ́yìn ìsìn, kí Mísì gbé fọ́tò síwájú òun. Tí ó bá fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀gà, kí Wùmí máa lọ sílé ìwé rẹ̀, òun á mọ bí òun á ṣe mú ẹni náà. Tí kò bá sí fọ́tò, Wùmí á di agolo rẹ̀ mú. Yèyé jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó ń fa egungun ẹja lẹ́nu. Kò dá sí i.

Ìdí nìyẹn tí a fi wà lẹ́yìn igi ọsàn nínú kùrukùru. Ó ku fọ́tò kan ṣoṣo nínú fíìmù Mísì. Mẹ́jọ péré ló ń gbà, ó sì ti ya méje, gbogbo wọn ẹyẹ igbó, àgbìgbò tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè sì wà nínú wọn. A dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ tí ìlẹ̀kùn páànù ilé adìyẹ Yèyé dún. Yèyé ní adìyẹ márùn-ún àti àkùkọ kan tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, ó sì fẹ́ràn wọn ju bí ó ṣe fẹ́ràn àwa lọ, kò sì fi pamọ́. Òjìji rẹ̀ yọ nínú kùrukùru, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú wọn sílẹ̀, ó wọlé padà. Àwọn adìyẹ náà kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì. Wọ́n tò lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé, àkùkọ ló ṣáájú, wọ́n gba ẹ̀bá ibi ìdáná kọjá, wọ́n wọ inú oko àgbàdo, olúkúlùkù sì dúró sí ebè tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ariwo. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀, wọ́n ṣa àgbàdo, wọ́n sún síwájú. Mísì gbé kámẹ́rà sókè. Wọn ò jìnnà sí wa rárá. Àwọn nìkan ni ẹyẹ tí kámẹ́rà yẹn lè rí dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́. Kí oòrùn tó là, wọ́n ti padà síwájú ilé, wọ́n ń ṣa eérún oúnjẹ bí ẹni tí ebi ń pa láti àná.

Mísì jókòó sílẹ̀ nínú koríko tútù. Ó ní, "Wùmí, o rí i?"

"Mo rí i, mà."

"Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi jẹ́ àlejò nílé yìí, n kò lè dúró níwájú bàbá rẹ kí n pe ìyá rẹ̀ ní olùtọ́jú olè. Ìwọ náà ò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò ní ẹbí. Jẹ́ kó sọ ọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lónìí, mo ti dàgbà tó Yèyé, mo ní adìyẹ tèmi, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ní adìyẹ kò lè ṣàìmọ ibi tí wọ́n ti ń yó wá. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdákẹ́ náà á ti le bí èkùrọ́, kò ní rọrùn fún òun náà láti fọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Mísì yọ fíìmù náà nínú kámẹ́rà. Ó dà bí òwú tí wọ́n ká mọ́ igi, kò tóbi ju àtàǹpàkò bàbá mi lọ, wọ́n sì fi bébà wé e. Ara Mísì ti ń gbóná nígbà yẹn. Òjò àárọ̀ ti dá ibà sí i lára. Ó ní, "Gbé e fún ìyá rẹ, ó ń lọ Ore lọ́la, ó máa sùn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Kó fún ayàwòrán tó wà lẹ́bàá ọjà. Kó sọ fún un pé kó fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹyẹ inú rẹ̀ lè hàn, kó gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé." Mo ní mo ti gbọ́. Mo dì í mọ́ etí aṣọ mi, ìyá mi ṣì wà lódò nígbà náà. Mo jókòó dè é, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ti mọ́, ìyá mi ti wọ ọkọ̀ lọ, fíìmù sì wà létí aṣọ mi.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Mísì. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ mẹ́ta. Yèyé ń fi ewé dongoyaro sínú omi gbígbóná, ó ní kí n kúrò níbẹ̀, kí n má yọ aláìsàn lẹ́nu. Bàbá mi nìkan ló ní kẹ̀kẹ́, òun sì ni adájọ́. Mo lọ jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Fọ̀ ni Mísì wí. Kò sọ pé kí wọ́n sè é, kò sọ pé kí wọ́n gún un. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí ẹyẹ inú rẹ̀ lè hàn. Ta ló ń fọ nǹkan nílé yìí? Èmi ni mò ń fọ abọ́. Èmi ni mò ń fọ aṣọ funfun tí Yèyé ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó rí àbàwọ́n lára rẹ̀ rí. Ọdún Àjíǹde tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, èmi ni mo fọ ìfun ewúrẹ́, mo yí inú rẹ̀ síta, ìyá mi sì sọ níṣojú èèyàn pé ó mọ́. Mo wá rò ó pé kí ni ọkùnrin kan tó wà ní Ore mọ̀ nípa fífọ nǹkan tí èmi kò mọ̀.

Mo pọn omi, mo gbé e kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bu ọṣẹ dúdú. Mo tú bébà kúrò lára fíìmù náà bí ẹni tó ń tú ewé ẹ̀kọ, mo nà án gbọọrọ nínú oòrùn kí n lè mọ ibi tó dọ̀tí sí. Gbogbo rẹ̀ ló dọ̀tí, ó rí bí ẹ̀yìn ẹja. Mo rì í sómi. Omi àkọ́kọ́ jáde bí omi aró, mo sì sọ fún ara mi pé, ẹ wo ìdọ̀tí. Mo dà á nù, mo pọn òmíràn. Nígbà tí ọṣẹ kò mú ẹyẹ jáde, mo fi eérú díẹ̀ kún un. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, n kò ha á, torí àgbìgbò tó wà nínú rẹ̀, n kò fẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sá a sórí okùn láàárín síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá mi àti ìró Yèyé. Nígbà tó gbẹ, mo gbé e sókè wò. Kò sí ẹyẹ. Mo rò pé bóyá ojú tíṣà nìkan ló lè rí i, bí ó ṣe jẹ́ pé òun nìkan ló rí agbe nínú tóótó ọjọ́sí. Mo ká a, mo fi sínú ìwé orin ìyìn. Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá mi dé, ara Mísì sì ti yá díẹ̀. Mísì bi mí bóyá fíìmù ti wà nílẹ̀. Mo ní ó ti wà nílẹ̀, mà, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́. Ó ní ó dára, ó yí ojú sógiri, ó sùn. Irọ́ kankan kò sí nínú ohun tí mo sọ. Ìgbà púpọ̀ ni mo ti padà lọ wò ó.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, bàbá mi kò tilẹ̀ bọ́ agbádá rẹ̀. Ó jókòó sórí àga kan náà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lé níjọ́ fọ́tò. Ìyá mi jókòó, Mísì wé aṣọ mọ́ ara, ó jókòó. Yèyé wà lórí àpótí rẹ̀, àtẹ ẹ̀gúsí wà lórí itan rẹ̀, ó ń pa á. Ohùn ẹ̀gúsí yẹn nìkan ló ń dún. Bàbá mi ní, "Tíṣà, ẹlẹ́rìí yín dà?" Mísì wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ìwé orin ìyìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fíìmù náà fún bàbá mi. Ó nà án síwájú ìlẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó yí i padà. Ó yí i po.

"N kò rí ẹyẹ."

Mísì na ọwọ́, ó gbà á. Ó wò ó, ó gbé e sí imú. "Wùmí, ta ló fọ nǹkan yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ dúdú, mà. Àti eérú. Mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Mísì ká a padà, ó rọra ká a bí ẹni pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀. "Ó mọ́," ó ní. Ó wá ṣàlàyé fún bàbá mi pé fífọ̀ tí wọ́n ń fọ fíìmù kì í ṣe ti ọṣẹ, pé inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é, pé oòrùn ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kí omi tó kàn án. Bàbá mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Gbogbo ìdúró yẹn." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Àfi tí ẹ bá fi ẹnu sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ kì í parọ́."

Mísì ṣí ẹnu. Ó wo ilẹ̀. "Bàbá Wùmí, àlejò ni mí."

"Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ẹyẹ?"

Mísì tún aṣọ rẹ̀ wé mọ́ ara. Bàbá mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo di agboòrùn mú. Kí lo rí?"

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nígbà náà ni pé ilé ìwé mi wà nínú ẹnu mi, n kò sì lè tu ú síta láì tu ú sára Yèyé. Ó ti sọ fún mi nígbà kan, nígbà tí mo fi ẹnu mi kó ẹ̀gbọ́n mi sí wàhálà, pé ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. N kò mọ̀ bóyá òkò ni mí tàbí ẹyẹ. Mo ní, "Ẹyẹ ni, sà."

"Ẹyẹ wo?"

"Èyí tí kì í lè fò jìnnà, sà."

Ohùn ẹ̀gúsí dákẹ́. Bàbá mi kò gbójú kúrò lára mi, ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Kò wo ìyá rẹ̀. Ìyá mi dìde bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó ń jóná, kò sì sí ọbẹ̀ lórí iná. Yèyé gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Wùmí, bu omi wá fún mi." Mo bu omi. Ó mu ún, kò kánjú, ó dá ife padà fún mi.

"Ẹyẹ tí kò lè fò jìnnà," Yèyé ní, "a máa ń tì í mọ́lé ni, títí àgbàdo á fi ga dé orúnkún."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò, Yèyé," bàbá mi ní.

"Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé, ó yẹ kí wọ́n máa bọ́ ọ."

"Wọn óò máa bọ́ ọ."

"Láàárọ̀."

"Láàárọ̀, Yèyé."

"Ta ni yóò máa bọ́ ọ?"

Bàbá mi wò mí. Yèyé wò mí. Ilé wa kì í ṣe ilé èrò púpọ̀. Bàbá mi dìde, ó ní ebi ń pa òun, ó ní kí Tíṣà tọ́jú ara rẹ̀ torí ìwé ń wọlé lọ́la. Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo ka ìwé dé mẹ́fà, ibẹ̀ ni mo dúró sí, kò sì dùn mí. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i gbà.

Ní ọjọ́ kejì, mo jí kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo gbálẹ̀, mo pọn omi ilé, mo wá pọn ti adìyẹ. Yèyé jókòó síwájú ilé adìyẹ, ó ní omi yẹn tutù jù fún wọn. Mo gbé e kaná. Ó ní àgbàdo tí mo kó wá fún wọn le, kí n fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Mo fọ́ ọ lórí ọlọ. Ó ní àkùkọ kì í jẹun níbi tí àwọn yòókù ti ń jẹun. Mo wá abọ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo wọ aṣọ ilé ìwé mi tí mo sáré dé ọ̀hún, wọ́n ti kọ orin tán, wọ́n ti gbàdúrà, Mísì ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pàṣán. Ojú rẹ̀ ṣì rù nítorí ibà. Mo na ọwọ́. Ẹgba kan ni wọ́n ń na ẹni tó bá pẹ́. Ó nà mí ní méjì. Mo mọ ohun tí èkejì wà fún, n kò bèèrè. Mo ní ẹ ṣé, mà, mo wọlé, mo sì jókòó.